Òróró tùràrí: fífi para ni, kì í ṣe mímu

Ẹni tó bá ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ketu lọ sí Mile 12 mọ àwọn tó máa ń polówó oògùn nínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá gbé òróró tùràrí jáde, wọn a ní ó ń wo orúnkún dídùn, ẹ̀fọ́rí àti jẹjẹrẹ, kí èèyàn ṣáà máa kán an sómi mu láràárọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tí orúnkún ń dà láàmú, ẹ ní sùúrù ná.

Oje igi ni tùràrí. Wọ́n á ṣá èèpo igi náà, oje á sun jáde, á sì dì. Somalia, Etiópíà àti Oman ni èyí tó lókìkí ti ń wá, ṣùgbọ́n ìbátan igi náà wà ní Òkè-Ọya wa níbí, àwọn Hausa ń pè é ní hano. Oru omi gbígbóná ni wọ́n fi ń fa òróró jáde lára oje náà.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí. Ohun tó fúyẹ́, tó ń ta sánsán, ló ń bá oru jáde. Boswellic acid, èròjà tí àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ wò fún orúnkún, wúwo. Inú oje ló ń kù sí. Ẹni tó ń mu òróró yìí nítorí rẹ̀ ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ̀wé ìkìlọ̀ sí àwọn tó ń ta irú òróró olóòórùn báyìí, torí wọ́n ń sọ pé ó ń wo Ebola àti jẹjẹrẹ.

Kí wá ni ìwúlò rẹ̀? Òórùn rẹ̀ ń tuni lára, ó sì dára fún ìfọwọ́ra. Ẹ kán ẹ̀kán 2 sínú òróró àgbọn ṣíbí tíì 1. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bó bá ń yún yín, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ má fi pa ọmọ ọwọ́, ẹ má sì gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọdé lè tó: bí ọmọ bá gbé e mu, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Aláboyún, ẹ bi dókítà léèrè kí ẹ tó lò ó. Ẹ má sun tùràrí nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, pàápàá níbi tí oníkọ́ fée wà.

Orúnkún tó bá wú, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ. Ìlera lọrọ̀ o.