Òkúta Tí Ń Fọ Omi Fún Ẹja

Ní ìlú Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, kò ṣòro mọ́ láti rí ilé tí a mọ táǹkì ẹja sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ǹtì ni a fi mọ òmíràn. Òmíràn sì jẹ́ ike ńlá tí a gé lórí. Ẹja àrọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ẹlòmíràn a sì máa sin èpìyà. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí a fọ táǹkì rẹ̀ mọ́ tónítóní, a fa omi tí ó mọ́ gaara sí i, a ra ọmọ ẹja, a sì máa fún wọn ní oúnjẹ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ohun gbogbo a dára. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ẹ̀kẹta, ẹja a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ, wọn a máa léfòó, wọn a sì máa kú ní méjì-méjì àti ní mẹ́ta-mẹ́ta. Síbẹ̀ omi náà mọ́ gaara lójú. Nígbà náà ni àwọn ará ilé a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀tá tí ó da májèlé sínú omi wọn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ọ̀tá kankan. Inú ẹja fúnra rẹ̀ ni májèlé náà ti wá. Ẹja ń jẹun, ó ń mí, ó sì ń yàgbẹ́. Láti inú èémí rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀, àti láti inú oúnjẹ àjẹkù tí ó ń rà nísàlẹ̀ omi, ni oró kan ti ń jáde tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní ámóníà. Ẹni tí ó bá ti wọ ilé ìtọ̀ tí a kò fọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ti gbọ́ òórùn rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nínú omi, ìwọ̀n díẹ̀ tí imú kò lè gbọ́ ti tó láti jó ibi pupa tí ẹja fi ń mí. Ẹja àrọ̀ lè yọ orí mí atẹ́gùn lójú omi, nítorí náà ni ó fi máa ń fara da omi tí kò ní atẹ́gùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè sá fún ámóníà.

Kí ni ó wá dé tí ẹja inú odò kì í kú báyìí? Omi odò ń ṣàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí mìíràn tún wà. Ní nǹkan bí ọdún 1890, onímọ̀ kan tí í ṣe ará Rọ́ṣíà, Sergei Winogradsky, fi hàn pé àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín kan wà nínú ilẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, tí ó jẹ́ pé ámóníà gan-an ni oúnjẹ wọn. Irú wọn wà nínú omi pẹ̀lú. Ẹ̀yà kan nínú wọn a jẹ ámóníà, a sì sọ ọ́ di oró kejì tí a ń pè ní náítíráìtì. Ẹ̀yà kejì a jẹ náítíráìtì, a sì sọ ọ́ di náítíréètì, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára, tí ó sì jẹ́ ajílẹ̀ fún irúgbìn. Gbogbo àrùn àti èérí kọ́ ni kòkòrò ń fà. Láìsí irú àwọn wọ̀nyí, kò ní sí ẹja nínú odò kankan.

Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í sábà léfòó káàkiri nínú omi. Wọ́n ń fẹ́ ibi tí wọn yóò lẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá ti tẹ òkúta inú odò Àlà mọ́lẹ̀ rí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀, ti tẹ orí ilé wọn.

Àwọn tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ òkúta di iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn tí ń sin ẹja òkun nínú àpótí dígí ní yàrá àlejò wọn. Ó lè ya àgbẹ̀ lẹ́nu pé ènìyàn lè náwó bẹ́ẹ̀ lórí ẹja tí kò ní jẹ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ wúlò fún ẹni tí ń sin ẹja fún ọbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹja òkun kì í pẹ́ kú lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1961, Lee Chin Eng, ọkùnrin kan ní ìlú Jakarta ní ilẹ̀ Indonesia, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn asinja ní Amẹ́ríkà pé òun kó òkúta láti inú òkun pẹ̀lú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tí ó wà lára rẹ̀, òun sì ń fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú omi náà, ẹja òun sì yè. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni a lè pè ní òkúta ààyè. Kì í ṣe òkúta lásán ní tòótọ́, bí kò ṣe egungun iyùn inú òkun, tí ó kún fún ihò wẹ́wẹ́. Àwọn kòkòrò tí ń jẹ ámóníà ń gbé ojú rẹ̀ níta. Nínú ihò tí atẹ́gùn kò dé, àwọn ẹ̀yà mìíràn wà tí ń sọ náítíréètì di atẹ́gùn tí ń fò jáde kúrò nínú omi.

Títo òkúta náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o dé, a kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹja lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí díẹ̀ nínú ohun ẹlẹ́mìí ara rẹ̀ yóò ti kú lọ́nà, wọn yóò sì máa rà. A ó fi í sínú omi òkun lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Lẹ́yìn èyí, àwọn tí ó tóbi ni a ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, lórí dígí ìsàlẹ̀ gan-an, kí a tó da iyanrìn yí wọn ká. Bí a bá gbé wọn lé orí iyanrìn, ẹja yóò gbẹ́ abẹ́ wọn, òkúta yóò wó, dígí yóò sì fọ́. Bí a ti ń to òkúta ààrò mẹ́ta kí iná lè rí ọ̀nà jó lábẹ́ ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni a ń to ìwọ̀nyí kí omi lè rí ọ̀nà kọjá lábẹ́ wọn. A kò gbọ́dọ̀ fi òkúta ti ara dígí. Ọwọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ lè kọjá láàrin wọn. Èyí tí ó bá ń mì nígbà tí a fọwọ́ kàn án yóò wó lọ́jọ́ kan. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a mọ òkúta bí ògiri: ìdọ̀tí a kó sí àárín rẹ̀, omi ibẹ̀ kò ní ṣàn, yóò sì máa rà.

Kíkó òkúta ààyè ba ìsàlẹ̀ òkun jẹ́ ní àwọn ilẹ̀ kan, títí òfin fi dè é ní etíkun Florida ní Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1989 sí 1997. Láti ìgbà náà, àwọn kan níbẹ̀ ń gba ìwé àṣẹ, wọn a da òkúta lásán sínú òkun, wọn a sì padà wá kó o nígbà tí ohun ẹlẹ́mìí bá ti bò ó. Òkúta gbígbẹ ń di òkúta ààyè bí a bá fún un ní àkókò. Èyí ni ẹ̀kọ́ tí ó kan ará Àkúrẹ́ àti ará Oǹdó, nítorí etíkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ẹrẹ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe iyùn.

Òkúta líle, irú èyí tí òkè Ìdànrè jẹ́, dára fún iṣẹ́ náà, àwọn tí ń fọ́ òkúta fún ilé kíkọ́ sì ń tà á ní wẹ́wẹ́. Bí òkúta kan bá ń kọni lóminú, kí a fún omi òroǹbó wẹ́wẹ́ sí i. Bí ó bá ń hó, irú òkúta tí a fi ń ṣe símẹ́ǹtì ni, bí èyí tí a ti ń wà ní Ewékorò láti ọdún 1960. Irú rẹ̀ a máa mú kí omi le, oró ámóníà a sì túbọ̀ gbóná nínú omi bẹ́ẹ̀. Ìdí kan náà ni táǹkì símẹ́ǹtì tuntun fi ń pa ẹja. Omi ni a ó fi kún un, a ó dà á nù, a ó tún fi kún un, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ asinja a máa gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú omi náà láti pa agbára símẹ́ǹtì.

Kí a má ṣe da òkúta sínú táǹkì ẹja àrọ̀. Ìsàlẹ̀ omi ni ẹja yìí fẹ́ràn, òkúta yóò bó o lára, oúnjẹ yóò há sí àárín òkúta, àwọ̀n yóò sì máa kọ́ nígbà tí a bá fẹ́ kó ẹja. Ẹ̀gbẹ́ táǹkì ni a ó gbé dúrọ́ọ̀mù kan sí, a ó da òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, èyí tí ó tó ẹyin adìẹ sí ìsàlẹ̀, èyí tí ó tó ekùrọ́ sí òkè. Ẹ̀rọ kékeré kan yóò máa fa omi táǹkì gba ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù wọlé, omi náà yóò sì máa tòkè ṣàn padà sọ́dọ̀ ẹja. Wẹ́wẹ́ ni ó yẹ kí òkúta náà jẹ́. Òkúta kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ní òró, ní ìbú àti ní gíga, ojú rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 6. Bí a bá gé e sí 1,728, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì kan, ojú gbogbo wọn á di 72. Òkúta kan náà ni, ṣùgbọ́n àyè àwọn kòkòrò ti di ìlọ́po méjìlá. Iyanrìn ní tirẹ̀ ti kéré jù. Kíákíá ni yóò dí.

Ti èpìyà yàtọ̀ díẹ̀. Èpìyà a máa jẹ ohun tí ó hù sára òkúta àti igi. Ní adágún Nokoué ní ẹ̀bá Kútọnu, níbi tí ìlú orí omi Ganvié wà, àwọn apẹja ti ń gún ẹ̀ka igi sínú omi láti ayébáyé, tí wọn ń pè ní àkàjà. Ẹja a wá jẹ ohun tí ó hù sára ẹ̀ka náà, wọn a sì fi àwọ̀n ká wọn mọ́. Ẹni tí ó gbẹ́ adágún sínú ilẹ̀ lè ṣe irú rẹ̀ fún èpìyà, ilẹ̀ adágún fúnra rẹ̀ a sì máa ṣe iṣẹ́ òkúta fún un.

Kòkòrò kì í kún ojú òkúta ní ọjọ́ kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Láàrin àkókò yìí, kí ẹja mọ níwọ̀n, kí oúnjẹ kéré, kí a sì máa pààrọ̀ apá kan nínú omi léraléra. Ọ̀nà kan wà tí a fi lè dín àkókò náà kù: kí a tọrọ garawa òkúta kan lọ́wọ́ ẹni tí táǹkì rẹ̀ ti pẹ́, tí ẹja rẹ̀ kò sì ṣàìsàn. Inú omi tí a fi bò ó ni a ó gbé e wá, kí oòrùn má ṣe gbẹ ẹ́. Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, ìrìn ọkọ̀ kò pẹ́ débi tí wọn yóò fi kú. Ẹ̀yà kejì ni ó máa ń pẹ́ dé jù, nítorí náà náítíráìtì a máa pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di àwọ̀ ilẹ̀, kò sì ní lè gbé atẹ́gùn mọ́. Iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀ a máa dáàbò bo ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti ìwọ̀n tí ó yẹ, ó dára kí a bi òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba, tàbí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹja ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1981.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù ẹja wọn lẹ́ẹ̀kejì ni ọjọ́ tí wọ́n bá fọ òkúta. Wọn a kó gbogbo rẹ̀ jáde, wọn a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọn a sá a sí oòrùn títí yóò fi funfun. Bí ẹni tí ó lé gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ ni. Omi táǹkì kan náà ni kí a bù sínú garawa, kí a ṣan apá kan òkúta nínú rẹ̀, kí a sì fi ìyókù sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Oògùn tí a ń fi sínú omi ẹ̀rọ kí ó lè dára fún mímu a máa pa kòkòrò wọ̀nyí. Kí irú omi bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí a kò dé lórí fún ọjọ́ kan kí a tó lò ó. Oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń dà sínú omi nígbà tí ẹja bá ń ṣàìsàn lè pa wọ́n pẹ̀lú.

Wọn kò lè yè láìsí atẹ́gùn. Bí iná mànàmáná bá lọ fún wákàtí mélòó kan, omi inú dúrọ́ọ̀mù a dúró, àwọn kòkòrò a bẹ̀rẹ̀ sí í kú, wọn a sì rà. Bí iná bá dé lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, kí a má ṣe tan ẹ̀rọ kíákíá. Kí a kọ́kọ́ ṣí ìdí dúrọ́ọ̀mù, kí a jẹ́ kí omi dúdú náà ṣàn jáde tán sí ìdí ẹ̀fọ́ tàbí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó má ṣe kan ẹja rárá.