Bí Oògùn Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ Bá Ṣíwọ́ Iṣẹ́



Ẹ̀yin òbí àti ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmaikò, ọ̀rọ̀ wa lóṣù yìí dá lórí irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó máa ń rọra wọlé, tí àwọn dókítà ń pè ní CML. Oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè ṣíwọ́ iṣẹ́ nígbà mìíràn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé ayé ló ń bá aláìsàn jà. Ìdí rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò sì lè fi hàn.

Nínú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nínú àrùn yìí, kúrómósóòmù 9 àti 22 máa ń já, wọ́n á sì gba apá ara wọn. Láti ibẹ̀ ni jíìnì kan tó ń jẹ́ BCR-ABL ti ń jáde, tí yóò máa pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun pé kí wọ́n máa pọ̀ ṣáá. Ó lè máa rẹ ènìyàn, kó máa rù, kó máa làágùn lóru, kí apá òsì ikùn rẹ̀ sì wú. Kì í ràn, a kì í sì í jogún rẹ̀. Kò dà bí ọ̀rọ̀ AS àti SS tí a ń béèrè kí a tó so yìgì.

Oògùn imatinib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001, ló ń pa àṣẹ yẹn lẹ́nu mọ́. Ní August 2003, ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ètò GIPAP. Láàárín ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, ènìyàn 98 ló lò ó níbẹ̀.

Kí ló ń mú un ṣíwọ́? Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pọ̀, ó ń da jíìnì rẹ̀ kọ. Ẹ wo ọmọ kéwú tó ń kọ wàláà: bí ó bá gbé àmì abẹ́ bá’u sókè ní àárín ọ̀rọ̀, ó ti di nọ́ọ̀nù, ìtumọ̀ sì ti yí. Bẹ́ẹ̀ ni àṣìkọ kan nínú jíìnì náà lè yí ibi tí oògùn ń dì mú padà. Èyí tí wọ́n ń pè ní T315I kò gbọ́ ti imatinib, nilotinib tàbí dasatinib. Ponatinib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2012, lè ràn án lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ń fo ọjọ́ oògùn nítorí pé ara rẹ̀ ti yá, tàbí ó ń gé hóró kan sí méjì kó lè pẹ́ lọ́wọ́. Àgbo mìíràn sì lè dí oògùn lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò fún dókítà, kí ẹ sì máa ṣe àyẹ̀wò BCR-ABL ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta bí wọ́n bá ṣe ní kí ẹ ṣe é. Àrùn lè ti máa padà bọ̀ kí ara tó mọ̀ ọ́n.

Bí Ramadan bá ń bọ̀, ẹ tètè bi dókítà. Oúnjẹ àti omi púpọ̀ ni a fi ń lo imatinib. Ẹni tó ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lè lò ó nígbà sààrì tàbí ìṣínu. Nilotinib yàtọ̀: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, wákàtí méjìlá síra, láìjẹun. Ẹ má ṣe torí ààwẹ̀ fo oògùn. Àlùkùránì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn kó san án padà ní ọjọ́ mìíràn.

Láti Òkòkòmaikò dé LUTH ní Ìdí-Àràbà kò rọrùn nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ẹ̀yin ìdílé, ẹ dá owó ọkọ̀ jọ, kí ẹnì kan sì máa tẹ̀lé aláìsàn lọ.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.