Ṣé O Mọ̀? Kẹ̀kẹ́, Odò Lea àti Ọ̀nà Tí Mọ́tò Kì Í Gbà

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà kan wà láàárín London tí o lè gun kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí, tí mọ́tò kan ò ní fọn fèrè sí ọ létí? London gan-an ni mò ń wí o! Ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 8.

Kò sí tírélà. Kò sí ọkọ̀ akérò. Ìwọ tí o mọ márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn dáadáa, rò ó wò ná.

Odò ni ọ̀nà náà ń bá rìn. Lea lorúkọ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ ní Leagrave lẹ́bàá Luton, ó ń ṣàn bọ̀ títí ó fi wọ odò Thames. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 68.

Wọ́n wá fi ọgbà kan yí ìsàlẹ̀ odò yìí ká. Láti ìlú Ware títí dé etí Thames ni, kìlómítà 42. Ilé Aṣòfin ilẹ̀ náà ló fọwọ́ sí i ní 1966. Gun kẹ̀kẹ́ láti Òfin ní Ṣàgámù lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, kí o sì gùn ún padà sílé. O kò tíì gun 42!

Ẹ̀rù òkè ń bà ọ́? Má bẹ̀rù. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ.

Báwo ló ṣe tẹ́ tó? Gbọ́ èyí. Ní 1613, wọ́n parí omi kan tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ gba àfonífojì náà kọjá, kí àwọn ará London lè rí omi mu. New River ni wọ́n pè é. Ó rin nǹkan bíi kìlómítà 62. Nínú gbogbo ìrìn yẹn, mítà 5 ààbọ̀ ló fi sọ̀kalẹ̀. Mítà 5 ààbọ̀ péré! Omi yẹn ṣì ń ṣàn. London ṣì ń mu nínú rẹ̀, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 400.

Ṣé o mọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ọ̀nà tí o fẹ́ gùn yìí? Ẹṣin ni. Ẹṣin ló máa ń rìn létí omi, tí wọ́n so okùn mọ́ ọn, tó ń fa ọkọ̀ ojú omi tó kún fún ọkà. Ọkà bálì láti Ware, fún àwọn tó ń pọn ọtí ní London. Ẹṣin lọ, kẹ̀kẹ́ dé. Níbi tí títì bá sì ti kọjá, abẹ́ afárá lo máa ń gbà lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn mọ́tò á máa sáré lórí rẹ, ìwọ á máa wo pẹ́pẹ́yẹ.

Odò yìí ti rí ogun rí. Ní 895, àwọn ọmọ ogun Denmark wa ọkọ̀ gòkè rẹ̀. Ọba Alfred dínà odò náà mọ́ wọn lẹ́yìn. Wọ́n fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn.

Ní ìlú Waltham Abbey, létí odò yìí, wọ́n ṣe ẹ̀tù fún ọdún tó lé ní 300. Ẹ̀tù ìbọn ni o! Àgbọ̀nrín ló ń jẹko níbẹ̀ báyìí.

Ìlú yẹn kan náà ni ìlà Greenwich gbà kọjá, ìlà tí gbogbo ayé fi ń ka àkókò. Tẹ̀lé ìlà náà tààrà sí gúúsù. Kọjá Faransé, kọjá Sàhárà. Ìwọ á bá a ní Tẹmà, ní Gánà, lẹ́nu ọ̀nà wa níhìn-ín.

Dúró, a ò tíì dé ibi tó dùn jù.

Àbàtà kan wà ní Walthamstow. Màlúù ń jẹko níbẹ̀, ní London! Láyé àtijọ́, gbogbo ará abúlé ló ní ẹ̀tọ́ láti da ẹran wọn síbẹ̀ bí oṣù Kẹjọ bá ti wọlé.

Nínú àbàtà màlúù yẹn ni ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì látòkèdélẹ̀ ti gbéra. Alliott Verdon Roe ló ṣe é. Abẹ́ afárá rélùwéè ló ti tò ó pọ̀. Kò lówó aṣọ tí yóò fi bo ìyẹ́ rẹ̀, ló bá fi bébà bò ó. Bébà tí wọ́n fi ń di ẹrù! Tottenham tó wà nítòsí ni wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀, agbára rẹ̀ kò sì ju ti ẹṣin 9 lọ. Ọ̀kadà tó gbé ọ dé ọjà Ṣàgámù lè lágbára tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó fò.

Oṣù Keje ọdún 1909 ni. Ṣé o mọ ẹni tí wọ́n bí ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà? Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni nígbà tí ọkọ̀ bébà yẹn kúrò nílẹ̀.

Gùn ún síwájú díẹ̀. Hackney Marshes rèé. Pápá bọ́ọ̀lù tó wà níbẹ̀ nígbà kan lé ní 100. Pápá tó tò ti ara wọn! Lábẹ́ koríko náà, òkúta àti bíríkì ilé tí bọ́ǹbù wó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n kó síbẹ̀.

Hackney Wick rèé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1866 láti máa ṣe ike tí Alexander Parkes hùmọ̀. Wo inú ilé rẹ báyìí. Ka ike tó wà níbẹ̀ bí o bá lè kà á tán.

Pápá eré kẹ̀kẹ́ Òlíḿpíìkì 2012 náà ń bẹ létí odò yìí. Yípo rẹ̀ kan jẹ́ mítà 250. Igi páìnì láti Siberia ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, àwọn pákó rẹ̀ sì gùn tó kìlómítà 56 bí o bá tò wọ́n lórí ìlà kan. Ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ ọn lé ní 300,000. Àwọn káfíńtà yẹn ṣe gudugudu méje!

Ṣùgbọ́n èmi, omi ló wù mí jù. Omi àti ẹyẹ.

Ọ̀pọ̀ adágún tó wà lápá òkè àfonífojì náà, kòtò ni. Kòtò ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn òun òkúta láti fi kọ́lé. Wọ́n wà á tán, omi kún un, ẹyẹ dé. Ẹyẹ bittern wà níbẹ̀, tí yóò fara pamọ́ sínú eèsún tí o kò ní rí i bó tilẹ̀ wà níwájú rẹ. Heron wà níbẹ̀, ìbátan lékeléke. Ní 2000, ibẹ̀ wọ ìwé Ramsar, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn àbàtà tó ṣe pàtàkì jù lágbàáyé. Ọdún 2000 yẹn kan náà ni adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́ ní Benin wọ ìwé yẹn. Ọdún yẹn kan náà ni adágún Nguru wọ̀ ọ́, àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà!

Walthamstow Wetlands ńkọ́? Hẹ́kítà 211. Adágún 10 tí wọ́n fi ọwọ́ àti ṣọ́bìrì gbẹ́. Omi ibẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ èèyàn tó tó mílíọ̀nù 3.5. Wọ́n ti í mọ́ aráyé fún ìgbà pípẹ́, àfi nígbà tó di 2017 tí wọ́n ṣí i sílẹ̀. Èló ni owó ìwọlé? Ọ̀fẹ́ ni.

O wá mọ àwọn àdúgbò tó yí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ká? Hackney. Tottenham. Edmonton. Enfield. Àwọn àdúgbò tí o ti lè gbọ́ “ẹ káàárọ̀ o, mà” lójú pópó, tí o ti lè ra ẹ̀gbo àgbàdo àti èlùbọ́. Bí o bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò níbẹ̀, pè é lónìí. Bi í bóyá ó ti gun kẹ̀kẹ́ dé etí Lea rí. Tó bá ní ó rẹ òun, sọ fún un pé rélùwéè ń bá odò náà rìn. Tottenham Hale, Cheshunt, Broxbourne, Ware: ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ni kó ti wọ ọkọ̀ padà sílé.

Kó má sì sọ pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe tiwa!

Ní 1888, dókítà ẹran kan ní Belfast, John Boyd Dunlop, fi rọ́bà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá rọ́bà kiri. Igi ìrẹ́ sì kún inú igbó ilẹ̀ Yorùbá, oje rẹ̀ ń di rọ́bà. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́ùn lórí ìwọ̀n. Ó lé ní tọ́ọ̀nù 2,000!

Àjàlá ńkọ́? Moshood Ọlábísí Àjàlá, ẹni tí Ebenezer Obey fi kọrin. Ní 1952, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles. Òun nìkan. Máìlì 2,280, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 3,670. Ọjọ́ 28 ló fi gùn ún, ó sì ń dúró sọ̀rọ̀ nípa Áfíríkà fún àwọn èèyàn lójú ọ̀nà. Pín in wò: ó lé ní kìlómítà 130 lóòjọ́. Bí ẹni pé ó gun gbogbo ọgbà Lea lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó tó sùn!

Jẹ́ ká parí ìrìn wa. Odò ti fẹ́ wọ Thames. Ọlọ ńlá kan dúró níhìn-ín láti 1776, omi òkun tó ń kún tó ń fà ló ń yí i nígbà náà. Kò sí irú rẹ̀ tó tóbi tó o lára èyí tó ṣẹ́kù láyé.

Ibi tí Lea ti dà sínú Thames kò jìnnà sí gbọ̀ngàn ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ExCeL. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ja ẹ̀ṣẹ́ Òlíḿpíìkì 2012. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ, ọmọkùnrin kan tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ṣàgámù wọ inú okùn. Ó ti ka ìwé rí ní Mayflower, Ìkẹ́nnẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tí Tai Ṣólàárín dá sílẹ̀ ní 1956. Anthony Olúwafẹ́mi Ọláṣẹ́ni Joshua! Roberto Cammarelle ará Ítálì, tó gba góòlù ní 2008, ló dojú kọ. Wọ́n jà tán, àmì dọ́gba: 18 sí 18. Wọ́n ní láti padà ka ẹ̀ṣẹ́ tí oníkálukú jù kí wọ́n tó gbé ọwọ́ Joshua sókè.