Ìràwọ̀ Tó Wà Lára Owó Ìyá Àgbà

Nígbà tí a bẹ ìdílé kan wò ní Aràmọkọ, agolo owó àtijọ́ tí ìyá wọn tó sùn nínú Olúwa fi sílẹ̀ ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n dà á sódò, nítorí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà wà lára àwọn kọ́bọ̀ oníhò: àmì awo ni, wọ́n ní. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà fárí gá pé òógùn ìyá òun ni.

A da owó náà sórí ẹní. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń rọ irú kọ́bọ̀ yìí láti 1907. Irú ìràwọ̀ kan náà wà lára àsíá Nàìjíríà láti 1914 títí di òmìnira ní 1960. Àmì ìjọba ni. Ihò àárín rẹ̀ ni àwọn ìyá wa fi ń sín in sókùn.

Àwọn ará Áténì tí Pọ́ọ̀lù bá sọ̀rọ̀ náà ti ya òwìwí sára owó fàdákà wọn ní ohun tó lé ní 400 ọdún kí a tó bí Jésù. Ẹyẹ tí àwa ń pè ní ẹyẹ àjẹ́! Ẹyẹ Athena, òrìṣà wọn, ni (a ò bò ó), òun náà sì ni àmì ìlú wọn.

Ṣílè mẹ́rin wà níbẹ̀, igi ọ̀pẹ lára gbogbo wọn. Mẹ́ta pọ́n bí idẹ. Ọ̀kan funfun, 1913 lára rẹ̀. Fàdákà gidi nìyẹn. Nígbà tí fàdákà wọ́n lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, idẹ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi rọ ṣílè ní 1920.

Àbúrò tó fẹ́ dà á sódò ló fi aṣọ nù ún, tó dá a padà sínú agolo.