Ta Ló Ń Fọhùn fún Ìlọrin? Royal Niger Company àti Ogun Ọdún 1897

Ní oṣù Kejì ọdún 1897, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun Bídà, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company lábẹ́ George Goldie kọjú sí Ìlọrin. Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹrú ló fa ogun náà. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó láti fi yé ni ìdí tí oníṣòwò fi gbé ìbọn ńlá lọ bá ìlú kan. Gbòǹgbò ìjà náà ni ìbéèrè pé ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bá òyìnbó ṣàdéhùn lórúkọ Ìlọrin.

Ìwé àṣẹ tí Ọbabìnrin Victoria fún ilé-iṣẹ́ náà ní 1886 sọ ọ́ di oníṣòwò àti ìjọba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ó ń rà, ó ń tà, ó ń gba owó orí ọjà, ó sì ní ọmọ ogun tirẹ̀. Àwọn àdéhùn tó ti bá àwọn ọba ṣe wà lára ohun tó fi ti ẹ̀tọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Joseph Thomson gba irú rẹ̀ bọ̀ láti Sókótó àti Gwandu ní 1885. Nítorí pé Gwandu ni Ìlọrin ń wárí fún, ilé-iṣẹ́ náà kà á sí pé àdéhùn Gwandu ti de Ìlọrin pẹ̀lú.

Nílé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwọn balógun mẹ́rin, ìyẹn Àlànamú, Ajíkòbí, Gàmbàrí àti Fúlàní, ni agbára ogun wà. Ẹ́míà Mọ́mọ̀ fẹ́ kí àlàáfíà wà láàárín òun àti ìjọba Èkó. Ní 1895, àwọn balógun dìtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì bá a lọ. Sulaiman, tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, kò lè ṣàì rántí ohun tó pa aṣáájú rẹ̀.

Nígbà tí ìkọlù ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀bá Odò Ọ̀tìn, ilé-iṣẹ́ náà ni Èkó ń bi léèrè. Ẹni tó ní òun ló ni ilé ni wọ́n ń bi nígbà tí ewúrẹ́ ilé náà bá jẹ oko olóko. Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá kápá Ìlọrin, Èkó lè gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ méjì ni ìjà fi gbà. Ẹ́míà fọwọ́ sí àdéhùn tuntun, ó sì gba ààlà tí ilé-iṣẹ́ náà bá pàṣẹ. Nígbà tí ìwé àṣẹ náà dópin ní ìparí 1899, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san £865,000 fún un, ààlà náà sì di ti ìjọba. Báyìí ni Ìlọrin àti Ọ̀fà ṣe bọ́ sí Àríwá, tí àwọn ará wọn ní Ìbàdàn àti Òṣogbo wà ní Gúúsù.

Nítorí náà, kí a tó gba ìwé àdéhùn irú èyí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ni ọwọ́ tó di agbára ìlú mú.