Òpó Ìnà Kúrò, Alákàrà Kò Kúrò: Bí Pelourinho Ṣe Di Ibi Ọjà àti Oúnjẹ

"Gbígbóná ni àbí tútù?" Ohun tí alákàrà máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà ní ìlú Salvador, ní Bahia, ilẹ̀ Bràsíìlì, nìyẹn. Àlejò a máa wò ó lójú. Àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo, tí èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ tutù? Ata ni ìyá náà ń wí. Bí oníbàárà bá ní gbígbóná, yóò bu ata sí i. Bó bá ní tútù, kò ní bu ú. Ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀ kì í sábà ronú pẹ́ kó tó dáhùn.

Ẹnu ọ̀nà Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ kan lórí òkè, ni púpọ̀ nínú àwọn alákàrà yìí máa ń jókòó sí, ní gbàgede tí wọ́n ń pè ní Terreiro de Jesus àti ní àwọn igun tó yí i ká. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, yẹ̀rì wọn a fẹ̀ bí agboòrùn, gèlè lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Àwọn mìíràn a ju aṣọ kan lé èjìká, èyí tí wọ́n ń pè ní pano da costa, ìyẹn aṣọ tó ti Etíkun wá. Etíkun wo? Etíkun tiwa níhìn-ín ni. Láyé òwò ẹrú àti lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ òfì tí wọ́n hun nílẹ̀ Yorùbá wà lára ẹrù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó lọ sí Bahia, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ń rà á bí ẹni ń ra ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn àwọn alákàrà ni òkè náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Ilé alájà méjì, alájà mẹ́ta, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ojú ọ̀run àti àwọ̀ òdòdó, fara ti ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà olókùúta. Ìsọ̀ lókè, ìsọ̀ nísàlẹ̀, ilé oúnjẹ láàárín. Àwọn arìnrìn-àjò a máa ya fọ́tò títí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ohun tí orúkọ àdúgbò náà ń sọ. Òpó ìnà ni Pelourinho. Òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ ní gbangba, tí wọ́n á fi pàṣán nà án, kí àwọn yòókù lè rí i.

Ọdún 1549 ni Tomé de Sousa tẹ ìlú Salvador dó fún ọba Potogí, òun sì ni olú-ìlú Bràsíìlì títí di ọdún 1763. Ṣúgà àti tábà ló kó ọrọ̀ bá a. Ẹrú ló gbin méjèèjì. Àwọn olóko ṣúgà, àwọn oníṣòwò ńláńlá àti àwọn àlùfáà kọ́lé sórí òkè náà. Ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco tó wà níbẹ̀, wúrà ni wọ́n fi bo igi ọnà inú rẹ̀ láti ilẹ̀ títí kan àjà. Òpó ìnà pàápàá kò dúró lójú kan, wọ́n ń gbé e kiri láti gbàgede dé gbàgede kó tó dé ibi tó fi orúkọ sílẹ̀ sí.

Bí ogun ti ń fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún wọ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú ẹrú tí wọ́n ń kó dé Bahia. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n. Kì í ṣe gbogbo wọn ló lọ sóko. Ọ̀pọ̀ ló wà nígboro, olówó wọn á sì rán wọn síta pé kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ tàbí kí wọ́n lọ tajà. Iye kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó fún olówó wọn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, tiwọn ni. Àwọn obìnrin ló mú òwò oúnjẹ: wọ́n gbé àtẹ lé orí, wọ́n ń kiri àkàrà, ẹ̀kọ, ẹja díndín àti èso. Àjẹṣẹ́kù yẹn ni àwọn mìíràn kó jọ tí wọ́n fi ra ara wọn padà, tí àwọn kan tún ra ọmọ wọn.

Àwọn arìnrìn-àjò a máa gbọ́ lẹ́nu àwọn afinimọ̀nà pé ìtumọ̀ acarajé, bí wọ́n ṣe ń pe àkàrà níbẹ̀, ni "jẹ bọ́ọ̀lù iná". Ẹ jẹ́ ká dárí jì wọ́n. Kò sí iná kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Àkàrà ni àkàrà, jẹ ni jẹ. Ìpolówó àwọn ìyá tó ń kiri ló di orúkọ oúnjẹ.

Orí òkè kan náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, Rosário dos Pretos, tó ṣì dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Pelourinho pẹ̀lú àwọ̀ aró lójú rẹ̀. Láàárín ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n kọ́ ọ, àkókò ìsinmi wọn ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ní 1832, àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira dá ẹgbẹ́ alájọ kan sílẹ̀, Sociedade Protetora dos Desvalidos, tí ilé ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco. Lóru tó mọ́ ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí Nàgó pọ̀ jù nínú wọn, gbé ohun ìjà sí ìjọba láti ilé kan ní Ladeira da Praça, tí kò jìnnà síbẹ̀. Ìjọba ṣẹ́gun wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Lára ìyà tó tẹ̀ lé e ni pé ìjọba lé ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà padà sí etíkun wa, àwọn mìíràn sì fẹsẹ̀ ara wọn kúrò kí wàhálà tó kàn wọ́n. Àwọn Àgùdà tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Pópó Àgùdà l'Ékòó àti sí Porto-Novo, ará wọn ni àwọn wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá ti wo ojú fèrèsé ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó rí, kò ní ṣàjèjì ní Pelourinho.

Nígbà tó yá, owó ṣúgà gbẹ. Àwọn ọlọ́rọ̀ kó lọ sí Vitória àti Barra, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́. Wọ́n gé àwọn ilé ńlá náà sí yàrá kéékèèké, ayálégbé mẹ́wàá sínú ilé tí ìdílé kan ń gbé tẹ́lẹ̀. Jorge Amado, òǹkọ̀wé Bahia tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, gbé inú ọ̀kan nínú àwọn ilé yẹn nígbà èwe rẹ̀, ó sì fi ṣe ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ Suor ní 1934. Àwọn aṣẹ́wó, àwọn alágbàtà, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn afọṣọ àti àwọn ọmọ wọn ló wá ni òkè náà. Òjò ń rọ̀, ògiri ń wó. Àwọn ará ìlú tó rí já jẹ a máa kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé kí wọ́n má ṣe gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́.

Ohun tó yí i padà kì í ṣe ọ̀dà tí ìjọba fi kun ilé. Ìlù ni. Ní 1979, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà dá ẹgbẹ́ Olodum sílẹ̀, wọ́n gé orúkọ rẹ̀ láti ara Olódùmarè. Neguinho do Samba, olórí onílù wọn, po sáḿbà mọ́ rẹ́gè, ìró tuntun jáde. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òkè yẹn a kún dẹ́nudẹ́nu. Paul Simon gbọ́ ìró náà, ó sì wá gba ohùn ìlù wọn sínú àwo orin tó gbé jáde ní 1990. Ní 1996, Michael Jackson àti Spike Lee wá ya fídíò síbẹ̀, Olodum sì ń lù ú lẹ́yìn rẹ̀. Ilé tí Michael yọjú láti òkè rẹ̀ ti di ìsọ̀ ohun ìrántí báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ yọjú láti ibẹ̀ bíi tirẹ̀ ń bẹ dáadáa.

UNESCO ti fi àárín ìlú àtijọ́ náà sára ogún ayé ní 1985. Ní 1992, gómìnà Antônio Carlos Magalhães bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá. Wọ́n tún òrùlé ṣe, wọ́n kun ògiri, wọ́n sì ṣe ohun ọlọ́gbọ́n kan: ẹ̀yìnkùlé tí ìdọ̀tí kún, tí ilé yí ká, wọ́n já wọn pọ̀ mọ́ra, wọ́n sọ wọ́n di gbàgede fún tábìlì, àga àti orin alẹ́. Wọ́n fi orúkọ àwọn ẹ̀dá inú ìwé Jorge Amado pè wọ́n: Quincas Berro d'Água, Tereza Batista, Pedro Archanjo. Orúkọ àwọn tálákà inú ìwé ni. Àwọn tálákà tó wà láàyè ńkọ́? Wọ́n fún wọn lówó gbà-má-bínú tí kò tó ra ilé níbòmíràn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ. Ìdílé tó ju ẹgbẹ̀rún lọ ló kó ẹrù wọn kúrò lórí òkè náà.

Bí àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń gbé ṣe di ibi ọjà àti oúnjẹ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ilé di ìsọ̀, òkè rẹ̀ di ọ́fíìsì tàbí kó ṣófo. Fún ọdún díẹ̀, ìjọba ló ń sanwó fún àwọn olórin kí wọ́n lè máa ṣeré lálaalẹ́. Nígbà tí owó yẹn dín kù, ilé oúnjẹ púpọ̀ ti ilẹ̀kùn. Àdúgbò tí kò sí ẹni tó ń sùn síbẹ̀ kò rí ẹni tó máa ra búrẹ́dì láàárọ̀. Nígbà tí àtúnṣe dé ìpele tó kẹ́yìn, àwọn tó kù kọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní 2005, ìjọba fọwọ́ sí ìwé pé ìdílé 103 yóò dúró. Iye yẹn kéré. Síbẹ̀, àwọn ló ń sá aṣọ sójú fèrèsé, tí àlejò fi mọ̀ pé ènìyàn ṣì ń gbé ibẹ̀.

Àtúnṣe kì í tán. Ní oṣù kejì ọdún 2025, apá kan nínú àjà ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco já lulẹ̀, ó pa ọ̀dọ́mọbìnrin arìnrìn-àjò kan, ó sì ṣe àwọn mìíràn léṣe. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa.

Ẹni tó bá wá rajà yóò rí i rà. Àwòrán ọlọ́dà tó ń tàn yòò, ìlù ní àwọ̀ Olodum, léèsì tí wọ́n fọwọ́ hun, berimbau olókùn kan, àti rìbọ́ọ̀nù Bonfim tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ pẹ̀lú kókó mẹ́ta, ìfẹ́-ọkàn kan fún kókó kan. Àwọn tó ń tà á a máa so ó mọ́ àlejò lọ́wọ́ kó tó lajú. Ẹni tí owó ń wọ́n lọ́wọ́ a gba lífítì Lacerda, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1873, sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Mercado Modelo, ọjà tó wà nínú ilé kọ́sítọ́ọ̀mù àtijọ́. Iná ti jó ọjà náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ibẹ̀ ni kí ó ti ná ọjà. Lókè, iye tí wọ́n bá dá lé e kì í fẹ́ wálẹ̀.

Oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ní Largo do Pelourinho, ilé ẹ̀kọ́ oúnjẹ Senac a máa to ọ̀pọ̀ ìkòkò sílẹ̀ kí oníbàárà bu èyí tó wù ú. Caruru ni ilá tí wọ́n fi edé gbígbẹ àti epo pupa sè. Efó ni ẹ̀fọ́. Abará ni àkàrà tí wọ́n kò dín, tí wọ́n wé sínú ewé tí wọ́n sè: mọ́ínmọ́ín ni, kò sí ohun tó lè yí i padà. Vatapá nìkan ni yóò dà bí àjèjì lẹ́nu wa. Búrẹ́dì, omi tí wọ́n fún lára àgbọn, ẹ̀pà, kajú àti edé ni wọ́n lọ̀ pọ̀. Òun ni alákàrà máa ń fi kún inú àkàrà lẹ́yìn tó bá ti là á sí méjì bí búrẹ́dì. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, kì í ṣe òróró, ìdí nìyẹn tí àkàrà wọn fi pọ́n ju tiwa lọ, tó sì ń dúró sínú.

Ọ̀rọ̀ àkàrà yìí ti di ti ìjọba. Ní 2005, àjọ tó ń bójú tó ogún ilẹ̀ Bràsíìlì kọ iṣẹ́ alákàrà sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Àwọn ajíhìnrere kan pẹ̀lú ń dín in báyìí. Nítorí pé oúnjẹ Ọya ni, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí àkàrà Jésù. Inú bí àwọn tó jogún iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìdíje FIFA ti 2013 ń bọ̀ ní pápá Fonte Nova, tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, òfin FIFA kò fẹ́ káràkátà tí kì í ṣe ti àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ nítòsí. Àwọn obìnrin náà kóra jọ, wọ́n wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n jáde síta. FIFA gbà kí mẹ́fà wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti kúrò lójú òkúta, wọ́n a gbé agbada kaná ní Terreiro de Jesus. Èrò á ti tò. Àwọn ìyá kan ṣì máa ń kọ́kọ́ dín kéékèèké díẹ̀, bí ìka ọmọ ọwọ́, wọ́n a yọ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí kì í ṣe títà. Ti ìbejì ni.