Oògùn àtọ̀gbẹ kì í ṣe ẹrù abẹ́ bàálù

Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù lọ sí Mẹ́kà tàbí London láti Ìlaròó tàbí Ayétòrò á kọ́kọ́ fara da oòrùn àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Sango kó tó dé pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Íkẹjà. Bó bá ń gba abẹ́rẹ́ insulin, àtilé ló ti gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ oògùn rẹ̀.

Insulin ò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ kó dì. Èyí tí wọn ò tíì ṣí, inú firíìjì ló yẹ kó wà. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ti ń lò lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ooru ibẹ̀ kò bá kọjá ìwọ̀n 30 lórí Celsius. Ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e sínú kúlà kékeré, ṣùgbọ́n ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e kí yìnyín má baà kàn án.

Ẹrù tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ èrò, abẹ́ bàálù ló ń lọ. Òtútù ibẹ̀ lè mú kí insulin dì, èyí tó bá sì ti dì ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà bó bá yọ́ padà. Ẹrù náà tún lè sọnù. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í ṣe insulin rárá lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí kò bá rí i lò. Torí náà, insulin, abẹ́rẹ́, oògùn oníhóró àti ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń yẹ ṣúgà wò, báàgì ọwọ́ ni kí gbogbo wọn wà. Ẹ mú ìlọ́po méjì iye tẹ́ ẹ máa lò.

Òfin tó ní kí nǹkan olómi má ju mílílítà 100 lọ kò de oògùn. Àmọ́ ẹ mú lẹ́tà dókítà dání, kí orúkọ inú rẹ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu. Ẹ fi oògùn sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn òṣìṣẹ́ ààbò kí wọ́n tó yẹ ẹrù yín wò.

Ẹ fi súítì tàbí ṣúgà sápò, torí ṣúgà ara lè já wálẹ̀ lójijì: ara á máa gbọ̀n, òógùn á máa bò yín. Ẹ má sì gún abẹ́rẹ́ oúnjẹ àfi tí oúnjẹ bá ti wà níwájú yín.

Aago Saudi fi wákàtí méjì ṣíwájú tiwa. New York fi márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lẹ́yìn. Dókítà yín ló máa sọ bẹ́ ẹ ṣe máa yí àsìkò abẹ́rẹ́ padà, ẹ tètè lọ rí i ní bí oṣù kan ṣáájú ìrìn-àjò.